Bóòtù Kan Nínú Mẹ́jọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti àgbàlagbà, kí ó lọ wo Bàbá Ọlọ́dà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yìn ín. Tí wọ́n bá bú u, kò sí wàhálà. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò fi àkísà nu ọwọ́, yóò padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lè ṣèèṣì sọ pé, "Bàbá, kò sí irú ọwọ́ yín," ojú rẹ̀ á wálẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ o. Ìtìjú ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń gbé e kiri.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje ni wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ wọn. Wọn kì í ṣe ọkọ̀, wọn kì í sì í sá eré fúnra wọn. Oníbàárà ni wọ́n ń ṣe é fún. Dókítà eyín kan wà tí ó máa ń sá eré ní òpin ọ̀sẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n jọ ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń jà nítorí ta ni yóò wà á. Gbogbo wọn, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń gbà, ti ẹnìkan ò gbọdọ̀ lágbára ju ti ẹnìkejì lọ. Bí ó bá ti sáré fún iye wákàtí kan, wọ́n á gbé e padà wá, àwọn òṣìṣẹ́ á tú u palẹ̀, wọ́n á wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n á tún un tò. Bí ìyá ṣe ń bímọ tẹ̀lé ara wọn ni ilé iṣẹ́ náà ṣe ń bí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń pe irú àkọ́kọ́ ní Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń pe irú kejì ní Àbúrò, ẹ̀kẹta tí ó ṣì wà lórí ìwé sì ti gba orúkọ kí wọ́n tó bí i: Àbígbẹ̀yìn.

Bàbá Ọlọ́dà ni olórí àwọn tí ń to ẹ́ńjìnnì. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Wọ́n kun ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú kí ó lè rọrùn láti rí ohun tí ó bá já bọ́, wọ́n sì ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri níbi tí wọ́n ń fi í kọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí sípánà kan bá sọnù, òjìji rẹ̀ ni yóò fẹjọ́ sùn. Ẹ́ńjìnnì wọn ní písítìn mẹ́rin tí ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Apá irin ni ó so písítìn kọ̀ọ̀kan mọ́ kíráńkì tí ń yí nísàlẹ̀, bóòtù méjì ni ó sì di apá kọ̀ọ̀kan mú. Bóòtù mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń de ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìdè àkọ́kọ́ láti mú un jókòó, ìdè ìkẹyìn láti mú un le. Sípánà tí wọ́n fi ń ṣe ìdè ìkẹyìn ní òṣùwọ̀n nínú. Bí ó bá ti le tó, á dún "kí". Bí ó bá ti dún báyìí, ẹni tí ó dè é á fi ìka tọ́ ọ̀dà ofeefee, á fi fa ìlà kan sórí bóòtù náà. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀dà kì í béèrè mọ́. Ó ti dè nìyẹn.

Bàbá yìí ni ó mú àṣà ọ̀dà wọ yàrá náà, òun ni ó sì ṣe òfin rẹ̀: ọ̀dà kì í ṣáájú sípánà. Ó sọ ọ́ títí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jẹun láì tíì fọwọ́, wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀dà kì í ṣáájú sípánà." Bí ẹnìkan bá ń dúpẹ́ oore tí wọn kò tíì ṣe é, ohun kan náà ni wọ́n á sọ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ọlọ́dà. Ẹni tí ó sì ṣe òfin ni ó rú u.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ́ ti dókítà eyín wà lórí irin tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kà, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá ti de bóòtù méje délẹ̀délẹ̀, ó ti fa ọ̀dà sí wọn. Ìkẹjọ ti gba ìdè àkọ́kọ́, ó ku ìdè ìkẹyìn. Ni Aláṣẹ, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́, bá mú ayafótò kan wọlé. Wọ́n fẹ́ ya fótò fún ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, ọwọ́ Bàbá ni wọ́n sì fẹ́ yà, ọwọ́ tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ayafótò fojú sí kámẹ́rà, ó ní ohun gbogbo dára, àfi bóòtù kan yìí tí kò ní ọ̀dà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ó ba àwòrán jẹ́. Ṣé kò ṣeé fà sí i? Aláṣẹ wo Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tọ́ ọ̀dà, ó sì fà á. Ó ní lọ́kàn pé ìṣẹ́jú kan péré ni, bí wọ́n bá ti jáde òun á dè é.

Wọn kò tètè jáde. Wọ́n ní kí ó kọjú síbí, kí ó kọjú sọ́hùn-ún, kí ó gbé sípánà sókè díẹ̀. Aláṣẹ ní kí ó sọ fún àlejò bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ ò rí i pé ìyìn dùn. Nígbà tí wọ́n lọ, ó lọ fọwọ́, ó padà wá, ó ka ọ̀dà: mẹ́jọ. Ó pa ikùn ẹ́ńjìnnì náà dé.

Ẹ́ńjìnnì náà yege nínú yàrá ìdánwò, nítorí wọn kì í mú un sáré pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí ó dé pápá ìje, nínú eré rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, lórí òkè, ni ó la ara rẹ̀ níkùn. Dókítà eyín fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú èéfín, Ọlọ́run yọ ọ́. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà padà wá pẹ̀lú ihò tí ó tó ìkúùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ni ó kọ́kọ́ tú u, ní àárọ̀ kùtù, òun nìkan. Ó rí bóòtù náà nínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Kò já rárá. Bóòtù tí a bá dè délẹ̀ máa ń gùn sí i díẹ̀, bí ìbú fọ́nrán irun. Ó wọn èyí, kò gùn sí i. Ṣe ni ó tú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀dà ofeefee ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá rántí ayafótò.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Aláṣẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò ronú. Ó ju bóòtù náà sínú agolo àjẹkù irin tí wọ́n máa ń kó lọ yọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aláṣẹ béèrè ohun tí ó rí.

"Bóòtù ló já," ni ó wí. "Ó ti bá ihò yẹn jáde lọ sí pápá."

Irọ́ kì í jókòó sójú kan, kíá ni ó rí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí bóòtù bá já, a jẹ́ pé ó tínrín jù. Bí ó bá tínrín jù, ta ni ó ya àwòrán rẹ̀? Obìnrin kan ni, ọ̀dọ́ ni nígbà náà, kò tíì ju ọdún méjì lọ nídìí iṣẹ́. Òun ni ó bá àwọn àgbà jiyàn pé bóòtù tínrín á gbé e, tí ó ṣírò rẹ̀, tí wọ́n sì gbà fún un. Ó kó ìṣirò rẹ̀ wá sí ìpàdé, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sórí tábìlì, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára ihò. Ó wá kọjú sí ẹnìkan ṣoṣo tí ó fọkàn tán nínú wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ fojú yín rí i pé ó já?"

"Mo rí i, ọmọ mi."

Ọjọ́ yẹn ni ó pè é ní ọmọ mi kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, màdáámù ni ó ń pè é. Obìnrin náà rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Wọ́n sọ bóòtù di kìtìpì. Bóòtù kìtìpì kò lè wọ inú apá tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà wọ́n sọ apá náà di kìtìpì. Apá wúwo, kíráńkì gbọ́dọ̀ wúwo láti gbé e. Bí wọ́n ṣe bí Àbúrò nìyẹn, ó sanra láti inú oyún. Kì í bàjẹ́, òtítọ́ ni, àwọn oníbàárà sì kọ́kọ́ yìn ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ń gun òkè bí aláàárù. Àwọn kan kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí àlejò bá dé, Aláṣẹ á nawọ́ sí Bàbá, á ní, "Ẹni tí ó rí bóòtù tó já nìyí. Òun ló gbà wá là." Bàbá á wá ohun tí kò sọnù lábẹ́ tábìlì.

Obìnrin náà ńkọ́? Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bà á. Ohun tí bóòtù mẹ́ta á gbé, mẹ́fà ni ó ń yà sí i. Ó ń ṣírò, ó ń tún un ṣírò, ó tún ń gbé e fún ẹlòmíràn kí ó bá òun ṣírò. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìlọ́po-Méjì. Wọ́n ní tí o bá bi í ní aago, á wo ti ọwọ́, á wo ti ògiri, á tún ní kí o dúró kí òun béèrè wò. Gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń bá wọn rín in. Bàbá Ọlọ́dà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu, kí ó gbé òun mì.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí Àbígbẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ fúyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníbàárà ò ní kù. Oṣù mẹ́jọ ni Ìlọ́po-Méjì ti ń yà á, ìwọ̀n rẹ̀ kò wálẹ̀. Aláṣẹ kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà ní ìpàdé, ó ní bí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ṣẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la máa bu ni jẹ? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín: òun fún un di ọjọ́ Ajé. Bí àwòrán náà kò bá fúyẹ́ nígbà yẹn, òun á gbé e fún àwọn ará ìta, kí obìnrin náà sì máa lọ tọ́jú ìwé àtijọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ku oṣù méjì kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì rí obìnrin náà tí ó ń ka òǹkà inú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kí n má parọ́, ohun tí ó ń wá ni kí ìyàwó sọ pé ó ti pẹ́, kí ó fi í sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́: ó ní bóòtù náà ti yọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, àti pé òun ti fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Baálé mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Ẹ̀yin náà lẹ tún wọ́ orí ọmọ náà."

Ó padà sí aṣọ tí ó ń lọ̀. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ títí tí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì pọ́n ọn lé dé ibi tí ó fi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Èyí gan-an ni ó dun Bàbá jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gun òkè lọ sí yàrá ayàwòrán kí àwọn yòókù tó dé. Obìnrin náà ti wà níbẹ̀. Ó dìde fún un, ó gbé àga fún un, ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí Bàbá tó lanu. Ó ní inú òun dùn tí ó wá. Ó ní òun ń rò ó bóyá òun lè dín apá náà kù díẹ̀, kí òun má fọwọ́ kan bóòtù, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun ti fẹ́ bi í láti ọjọ́ pípẹ́ tí òun ò lè béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ rí i. Níbo ló ti já gan-an? Ṣé lọ́rùn ni, àbí níbi tó fi ń yí wọlé?"

Bàbá di àga mú. "Kò já," ni ó wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Bóòtù yẹn ò já rárá. Èmi ni mi ò dè é tán. Mo fa ọ̀dà sí i kí wọ́n lè ya fótò mi, mo wá gbàgbé."

Ó sọ ìyókù fún un, ti agolo àjẹkù irin àti ti ẹsẹ̀ Aláṣẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọjọ́ tí mo bi yín lójú gbogbo wọn ńkọ́?"

"Mo parọ́ ni."

"Ẹ pè mí lọ́mọ yín lọ́jọ́ yẹn, Bàbá."

Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Obìnrin náà na ọwọ́, ó ní kí ó má kúnlẹ̀ fún òun, kí ó lọ sọ ọ́ fún wọn.

Ó sọ ọ́. Ní aago mẹ́wàá, ní ìpàdé, ó dìde nàró láàárín wọn, ó sọ ọ́ láìfi ohun kan pamọ́. Ẹ sì wo ohun tí ayé lè ṣe fún ènìyàn: wọn kò gbà á gbọ́. Aláṣẹ fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní àánú ló ń ṣe Bàbá. Òmíràn ní ẹ wo ọkàn rere, bàbá arúgbó fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ ra ọmọ ọlọ́mọ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín. Ìtìjú tí ó ti ń mú un láti ọdún mẹ́sàn-án kò tó ti ìṣẹ́jú yẹn.

Bàbá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní Ẹ̀gbọ́n méjì àtijọ́ wà ní ẹ̀yìn ilé tí bóòtù tínrín ṣì wà nínú wọn. Ó ní òun á de ọ̀kan délẹ̀ lójú wọn. Òun á de èkejì, ṣùgbọ́n òun á fi bóòtù kan sílẹ̀ lórí ìdè àkọ́kọ́, bóòtù ọjọ́ náà gan-an. Kí wọ́n gbé méjèèjì lọ sí yàrá ìdánwò, kí wọ́n mú wọn sáré bí ẹni ń sá eré ìje. Bí èyí tí a dè délẹ̀ bá já, òpùrọ́ ni òun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi mú àkọ́kọ́ sáré. Gbogbo wọn ń yọjú níbi gíláàsì yàrá ìdánwò bí ẹni ń wo aláìsàn. Nígbà tí wọ́n tú u, bóòtù tínrín mẹ́jọ wà níbẹ̀ pérépéré, kò sí èyí tí ó yẹ̀. Wọ́n gbé èkejì sí i. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí ó fi la ara rẹ̀ níkùn, ihò tí ó tó ìkúùkù, ní ibi kan náà. Aláṣẹ dúró, ó ń wo ihò náà, ó fi ìka kan bèbè rẹ̀. Kò wo Bàbá. Ó jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, ẹnìkan kò sì sọ pé kò sí irú ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí irọ́ ti bà jẹ́ lójú ọ̀nà.

Aláṣẹ lọ bẹ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí ó gba Àbígbẹ̀yìn padà, kí ó fi bóòtù tínrín sí i, kí ó yà á bí ó ṣe wù ú, ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè. Àwọn tí ń pè é ní Ìlọ́po-Méjì pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá tún gun òkè lọ. Kò mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Bóyá ó kàn fẹ́ rí ọwọ́ obìnrin náà lórí ìwé. Pẹ́ńsùlù ni obìnrin náà máa ń kọ́kọ́ fi yà á kí ó tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ó fa ìlà bóòtù náà, ó tínrín, ó rẹwà, bí ó ti rí ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó wò ó. Ó gbé rọ́bà, ó pa á rẹ́, ó sì fa òmíràn tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ìwé náà ti ń họ níbẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ó tọ́, Bàbá," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u, mo kà á, mẹ́jọ ló pé. Ọwọ́ mi ni ò gbà."

Ó tún fa ìlà náà, ó nípọn. Bàbá Ọlọ́dà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò fi ojú sí.